Ọta Ni Í Yan Ìbọn: Àlàyé lórí Ìbọn Ìléwọ́ Alágbá àti Kátíríìjì fún Ìdíje Ìfojúsùn



Bí a bá dárúkọ ìbọn láàrin wa, ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń sọ sí ni lọ́kàn: igbó ọdẹ, ojú ogun, àti olè òru. Ìbọn tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí kò jẹ mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé ni ó ń pa. Ní Amẹ́ríkà àti ní púpọ̀ nínú ilẹ̀ Yúróòpù, tọkùnrin tobìnrin a máa péjọ sí pápá ìyìnbọn, wọn a dúró lórí ìlà kan náà, wọn a sì máa yìnbọn sí òbìrípo dúdú tí a tẹ̀ sórí ìwé. Ẹni tí ọta rẹ̀ bá súnmọ́ àárín jù ni ó borí. Nínú ẹ̀yà ìdíje kan tí ó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ kan ṣoṣo ni a fi ń di ìbọn mú. Ayìnbọn yóò kọ́kọ́ yin ọta mẹ́wàá láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ìwé tí ó jìnnà sí i ní 50 yáàdì, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 46. Lẹ́yìn náà ni yóò yin márùn-ún márùn-ún láti 25 yáàdì, nígbà mìíràn láàrin ìṣẹ́jú àáyá 20, nígbà mìíràn láàrin ìṣẹ́jú àáyá 10.

Ìbọn tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní rifọ́fà. Mo ń pè é ní ìbọn alágbá, nítorí pé àgbá kékeré kan wà ní agbedeméjì rẹ̀ tí ó ń yí, tí a sì lu ihò mẹ́fà sí. Ọ̀rọ̀ náà, ọta, pàápàá fẹ́ àlàyé díẹ̀. Ọdẹ tí ó ń lo ṣakabùlà ń da ẹ̀tù lọ́tọ̀, ó sì ń ki ọta lọ́tọ̀. Nínú ìbọn alágbá òde òní, èèpo idẹ kan ṣoṣo ni ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: ohun tí ń ta iná wà ní ìdí, ẹ̀tù wà ní ikùn, òjé wà ní ẹnu. Odidi rẹ̀ ni mo ń pè ní kátíríìjì. Òjé tí ó ń fò jáde nìkan ni mo ń pè ní ọta.

Kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tán kí ó sì bọ́ sínú ẹjọ́, mo ní láti sọ pé òfin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣáájú. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ní Nàìjíríà ka gbogbo ìbọn ìléwọ́, alágbá àti aláìlágbá, mọ́ àwọn ohun ìjà tí kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ ní wọn láìsí ìwé àṣẹ Ààrẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan fi ìbọn ìléwọ́ pa ọmọdé 16 pẹ̀lú olùkọ́ wọn ní Dunblane ní oṣù kẹta ọdún 1996, òfin méjì ní ọdún 1997 gba ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn ará ìlú ní England, Scotland àti Wales. Àwọn kan níbẹ̀ ṣì ń yin ìbọn alágbá tí a fi ọ̀pá gígùn sí lẹ́nu, tí a sì fi irin mìíràn sí nídìí, kí ó lè gùn kọjá ohun tí òfin ń pè ní ìbọn ìléwọ́. Ó dàbí ìgbà tí a bá fi ìrù màlúù kọ́ ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ó bá òfin mu. Nítorí náà Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú àpẹẹrẹ mi yóò ti wá, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú lè bá ìdíje yìí pàdé.

Ìwé òfin ìdíje ni ìbẹ̀rẹ̀

Ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń lọ sí ilé ìtajà tààrà. Yóò wo èyí tí ó ń dán, yóò gbé èyí tí ó wúwo, yóò sì béèrè èyí tí ó lágbára jù. Lẹ́yìn tí ó bá ti sanwó ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè irú kátíríìjì tí ó ń jẹ, lẹ́yìn ìyẹn ni yóò béèrè irú ìdíje tí ó lè bá wọ̀. Èrò tèmi ni pé ẹ̀yìn ni ó fi ń rìn. Ìwé òfin ìdíje ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ kà. Ìwé òfin yóò sọ irú ọta tí a nílò, ọta yóò sì sọ irú ìbọn.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ méjì wò ó. Àjọ ISSF, tí ó ń ṣe àkóso ìyìnbọn àgbáyé, ní ìdíje kan ní mítà 25 fún ìbọn ìléwọ́ ọlọ́ta ńlá. Òfin rẹ̀ sọ pé ìwọ̀n ẹnu ìbọn kò gbọdọ̀ dín ní mìlímítà 7.62, kò sì gbọdọ̀ ju 9.65 lọ, ọ̀pá ìbọn kò gbọdọ̀ gùn ju mìlímítà 153. Kò béèrè pé kí ọta ní agbára kankan. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ayìnbọn Yúróòpù sá lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá: kátíríìjì .32 S&W Long ni wọ́n ń lò, tí ọta rẹ̀ kò ju bíi gírámù 6.5 lọ, tí ìtapadà rẹ̀ kò sì dí ọwọ́ lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ Manurhin ní ilẹ̀ Faransé ṣe ìbọn alágbá MR 32 nítorí kátíríìjì yìí gan-an.

Àpẹẹrẹ kejì yàtọ̀ sí èyí bí ọ̀sán ṣe yàtọ̀ sí òru. Ẹgbẹ́ USPSA ní Amẹ́ríkà ń ṣe ìdíje tí a ń sáré nínú rẹ̀, tí a ń yìnbọn láti ibì kan dé ibòmíràn, tí aago sì ń ka gbogbo rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọta tí kò lágbára rẹ́ ẹlòmíràn jẹ. Wọn a wọn ọta ní gírénì, ìwọ̀n kékeré tí àwọn ayìnbọn ń lò. Wọn a fi iye ẹsẹ̀ bàtà tí ó ń rìn láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan sọ ọ́ di púpọ̀, wọn a sì fi 1,000 pín in. Ohun tí ó bá jáde kò gbọdọ̀ dín ní 125. Ẹ mú kátíríìjì .38 Special oníwọ̀nba tí mo fẹ́ yìn fún yín láìpẹ́: ọta rẹ̀ wọn 148 gírénì, ó ń rìn ní nǹkan bí 700 ẹsẹ̀ bàtà. Ìṣirò rẹ̀ kò ju 103.6 lọ. Ohun tí ó ń gba ife ẹ̀yẹ lórí pápá kan, wọn kò ní ka àmì rẹ̀ rárá lórí pápá kejì.

Ọta tí ń gé ìwé

Kátíríìjì .38 Special ti wà láti ìparí ọ̀rúndún 19, Smith & Wesson ni ó sì gbé e jáde. Ohun tí ó sọ ọ́ di ààyò fún ìdíje ìfojúsùn kì í ṣe agbára. Ọta ìdíje rẹ̀ kò ní orí ṣóńṣó bí ọta ogun. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìdí ife, a sì tẹ̀ ẹ́ wọ inú èèpo tí ó fi jẹ́ pé òjé àti ẹnu èèpo dọ́gba. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ọta ti jábọ́ kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tí ọta olórí ṣóńṣó bá kan ìwé, yóò fà á ya, etí ihò náà yóò sì rí jágbajàgba. Ọta olórí pẹrẹsẹ a máa gé ìwé bí ẹni fi irin lu awọ, ihò rẹ̀ a sì ṣe rogodo. Ẹ má ṣe fojú kéré èyí. Òfin ni pé bí etí ihò bá kan ìlà, iye tí ó ga jù ni a óò kà. Níbi tí ihò bá ti ya, adájọ́ àti ayìnbọn lè wo ìwé kan náà kí wọ́n rí nǹkan méjì.

Àǹfààní kejì wà nínú ìwọ̀nba rẹ̀. Kátíríìjì .357 Magnum, tí ó jáde ní ààrin ọdún 1930 sí 1940, ń lo ọta tí fífẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti .38 Special. Èèpo rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi nǹkan bí mìlímítà 3 gùn sí i, kí ó má baà lè wọ inú ìbọn .38 àtijọ́ tí kò lè gba agbára rẹ̀. Ọta rẹ̀ tí ó wọn nǹkan bí gírámù 10 lè máa sáré ní mítà 380 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ọta pẹrẹsẹ wa tí ó wọn 9.6 ń rìn ní nǹkan bí 215. Bí a bá ṣírò agbára méjèèjì, ti àkọ́kọ́ ju ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì lọ. Ta ni ó ń gba ìyókù? Ọwọ́ ayìnbọn ni, àti etí rẹ̀. Ìwé kò nílò rẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ìgbà tí ìbọn bá ti ta padà báyìí, ọwọ́ yóò ti mọ ohun tí ń bọ̀, yóò sì máa gbọ̀n kí ìbọn tó ró. Kò sí ohun tí ń ba ìfojúsùn jẹ́ tó ìgbọ̀npìtì àìròtẹ́lẹ̀ yìí, kò sì sí owó tí a lè fi ra ìwòsàn rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní: kí ni ó burú bí mo bá ra ìbọn .357 tí mo sì ń fi kátíríìjì .38 sínú rẹ̀? Kò burú. Kátíríìjì kúkurú lè gbé inú ihò gígùn láìséwu, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ni kí onítọ̀hún mọ̀. Ọta náà yóò fò díẹ̀ nínú òfo kí ó tó kan ọ̀fun ihò. Bákan náà, èérí ẹ̀tù àti òjé yóò máa kóra jọ bí òrùka níbi tí èèpo kúkurú parí sí. Bí a kò bá fọ̀ ọ́, ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ lo kátíríìjì gígùn, kò ní wọlé dáradára. Ní tèmi, ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn fún ìbọn rẹ̀ ju ìwé lọ, ìbọn tí a ṣe fún .38 nìkan tó o. Àpẹẹrẹ rere ni K-38 Masterpiece ti Smith & Wesson, tí a wá ń pè ní Model 14 láti ọdún 1957: ọ̀pá íǹṣì mẹ́fà, irin ìfojúsùn tí a lè tún ṣe, kò sì sí ariwo àṣejù kankan lára rẹ̀. Àlòkù rẹ̀ ṣì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Kí ẹ má baà rò pé ìfẹ́ ìbọn alágbá ni ó ń gbé mi sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 1961 ni ilé iṣẹ́ kan náà gbé ìbọn aládàáṣiṣẹ́ Model 52 jáde, ìbọn tí kò ní àgbá yíyí rárá. Kátíríìjì .38 olórí pẹrẹsẹ yìí ni wọ́n ṣe é fún, kò sì gba òmíràn. Ẹ̀yà ìbọn tuntun ni wọ́n yí padà kí ó lè bá ọta àtijọ́ mu. Àwọn aládàáṣiṣẹ́ ti gba púpọ̀ nínú pápá ìdíje lọ́wọ́ alágbá, nítorí pé wọ́n ń fa ara wọn padà fún ìyìn tí ó kàn, ṣùgbọ́n ọta kò kúrò ní ipò rẹ̀.

Ojú àti ìka

Irin ìfojúsùn méjì ni ó wà lórí ìbọn, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ká ní àlàfo àárín wọn jẹ́ mìlímítà 190. Bí irin iwájú bá yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ ní mìlímítà kan péré, ọta yóò ti fi nǹkan bí mìlímítà 130 ṣìnà kí ó tó rin mítà 25. Òbìrípo tí iye rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá nínú ìwé ISSF fún ìyìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò sì fẹ̀ ju mìlímítà 50 lọ. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ ìyìnbọn fi ń sọ pé kí ojú má ṣe wo ìwé. Irin iwájú ni kí ó wò, kí ìwé máa ṣe bàìbàì lọ́hùn-ún. Yorùbá ti sọ pé ojú tí ó bá farabalẹ̀ ni í rí imú.

Ìka ni ó máa ń ba iṣẹ́ ojú jẹ́. Ìbọn alágbá ní ọ̀nà méjì tí a lè gbà yìn ín. A lè fi àtàǹpàkò fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn, kí ìka wá fi agbára díẹ̀ tú u sílẹ̀. Òfin ìdíje ọlọ́wọ́ kan ti Amẹ́ríkà sọ pé agbára yìí kò gbọdọ̀ dín ní nǹkan bí kílógírámù 1.1 fún ìbọn ọlọ́ta ńlá. A sì lè jẹ́ kí ìka nìkan ṣe gbogbo rẹ̀: kí ó fa òòlù sẹ́yìn, kí ó yí àgbá, kí ó sì tú u sílẹ̀, èyí tí ó sábà máa ń gba kílógírámù mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ìyìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀nà kìn-ín-ní ni. Fún ìdíje eré sísá, ọ̀nà kejì ni, ibẹ̀ sì ni ìtọ́jú irin inú ìbọn ti ń di iṣẹ́ ọwọ́ ńlá. Jerry Miculek ti Amẹ́ríkà fi ìbọn alágbá ọlọ́ta mẹ́fà yin ìgbà méjìlá ní ọdún 1999, ó sì tún kì í láàrin, gbogbo rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá 2.99. Kátíríìjì .45 ACP ni ó lò. Irin pẹlẹbẹ kan a máa so mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ kí wọ́n lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, orí ọta rẹ̀ sì rí róbótó, ó ń yọ́ wọ ihò fúnra rẹ̀. Ká ní ọta pẹrẹsẹ ni, etí rẹ̀ ìbá máa kọ́ ẹnu ihò.

Ohun kan tún wà tí ó ń ya alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu. Bí ó bá ti kátíríìjì tí ń sáré bọ́ sí èyí tí ń rìn pẹ̀lẹ́, yóò rí i pé ọta tí ó lọ́ra sábà máa ń bà sí òkè ní ọ̀nà tí kò jìn. Kì í ṣe idán. Ìbọn ti ń gbé ẹnu sókè kí ọta tó jáde. Èyí tí ó bá pẹ́ jù nínú ọ̀pá ni ó ń jẹ nínú gbígbé náà jù. Nítorí náà ẹni tí ó bá pààrọ̀ kátíríìjì gbọ́dọ̀ tún irin ìfojúsùn rẹ̀ ṣe.

Àìṣọ́ra ẹ̀tù

Kátíríìjì ìdíje wọ́n, àwọn ayìnbọn púpọ̀ ní Amẹ́ríkà sì máa ń tún èèpo idẹ lò: wọn a fi ohun ìtanná, ẹ̀tù àti òjé tuntun sí i. Àwọn ọdẹ wa yóò mọ ewu ibẹ̀, nítorí pé àwọn náà ni wọ́n ń wọn ẹ̀tù ṣakabùlà wọn. Èèpo .38 jẹ́ ti ìgbà ẹ̀tù dúdú, ikùn rẹ̀ sì tóbi. Ẹ̀tù òde òní tí ọta pẹrẹsẹ nílò kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní dé ìdajì rẹ̀. Bí ẹni tí ń kì í bá gbàgbé tí ó da ìwọ̀n méjì sí èèpo kan, kò ní kún, kò ní ṣẹ́, ojú kò sì ní fura. Àgbá ìbọn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, nígbà tí ó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un dání. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń gbé gbogbo èèpo tí a da ẹ̀tù sí jọ sí ojú ìmọ́lẹ̀, kí á yẹ ikùn wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí á tó fi òjé dé e.

Ewu kejì wà lára ọta pẹrẹsẹ oníhò nídìí. Ìdí rẹ̀ jẹ́ kòtò bí ife, etí rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, kí agbára ẹ̀tù lè fẹ̀ ẹ́ kí ó fara mọ́ ọ̀pá. Bí a bá lé e ní eré àṣejù, etí yìí lè ya kúrò kí ó sì há sínú ọ̀pá nígbà tí orí rẹ̀ bá lọ. Ìyìn tí ó bá tẹ̀ lé e ni yóò ba ọ̀pá jẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìró tí kò dún tó ti tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró, kí ó kó kátíríìjì kúrò nínú ìbọn, kí ó sì yẹ ọ̀pá wò. Òjé fúnra rẹ̀ jẹ́ májèlé. A kì í fi ọwọ́ tí ó kàn án jẹun láìfọ̀ ọ́.

Àgbá àti ọ̀pá

Ìbọn alágbá kan kì í ṣe ìbọn kan tán. Ihò mẹ́fà ni ó ní, ihò kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ wá dúró ní ọ̀kánkán ọ̀pá kí òòlù tó bọ́. Ìbọn ìbọn mẹ́fà ni, tí wọ́n jọ ń lo ọ̀pá kan. Ẹni tí ó fẹ́ ra àlòkù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí kátíríìjì nínú rẹ̀, kí ó sì tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ìbọn lápátí, kò lápátí, ta ni yóò jẹ́ kí á kọjú rẹ̀ sí òun? Lẹ́yìn èyí kí ó fa òòlù díẹ̀díẹ̀ lórí ihò kọ̀ọ̀kan, kí ó wò bóyá àgbá ti dúró gbọn-in kí òòlù tó dé òpin. Kí ó wo àlàfo tí ó wà láàrin àgbá àti ìdí ọ̀pá. Bíi ìdá kan sí méjì nínú mẹ́wàá mìlímítà ni ó yẹ kí ó jẹ́. Bí ó bá fẹ̀ jù, iná àti òjé yóò máa tú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀fun ihò ni ọ̀pọ̀ kì í wò. Kí á ti ọta òjé kan, láìsí èèpo, gba ihò kọ̀ọ̀kan kọjá. Bí a bá fi ìka tì í tí ó sì yọ́ lọ, ó dára. Bí ó bá jábọ́ fúnra rẹ̀, ihò náà fẹ̀ ju ọta lọ, òjé yóò sì máa lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá. Bí ó bá kọ̀ láti lọ, ọ̀fun ti há, yóò fún ọta pọ̀ kí ó tó dé ọ̀pá tí ó fẹ̀ jù ú.

Ẹ̀rí ìkẹyìn wà lórí ìwé. Kí á gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, kí á fi nọ́ńbà sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí á yin ọta mélòó kan láti inú ihò kan ṣoṣo sí ìwé tirẹ̀, kí á sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, pẹ̀lú irú kátíríìjì méjì tàbí mẹ́ta. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, ó sì ń jẹ kátíríìjì púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń fi hàn kò sí nínú ìwé ìpolówó ilé iṣẹ́ kankan. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ pé ihò kan yóò máa ju ọta rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí márùn-ún yòókù yóò sì jọ gún ojú kan náà. Níbí ni ìwé òfin, tí a fi bẹ̀rẹ̀, tún ti wúlò. Márùn-ún márùn-ún ni a ń yìnbọn nínú ìdíje náà, ihò mẹ́fà ni àgbá ní. Ayìnbọn tí ó ti dán ìbọn rẹ̀ wò mọ èyí tí yóò fi sílẹ̀ lófìfo.